Pontiac tà ju Buick lọ, síbẹ̀ Pontiac ni GM pa: Ẹ̀kọ́ ńlá fún oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kan kò rìn mọ́

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa lórí ètò ìṣòwò

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2009, ni iléeṣẹ́ General Motors, tí gbogbo ayé mọ̀ sí GM, kéde ní Amẹ́ríkà pé òun kò ní í ṣe mọ́tò Pontiac mọ́. Orúkọ náà ti wà lójú títì láti ọdún 1926. Àwọn tó wo eré Knight Rider lórí tẹlifíṣàn láyé ìgbà kan kò lè gbàgbé mọ́tò dúdú tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn nínú eré náà. Pontiac ni. Pé GM pa ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí gbèsè ti wọ iléeṣẹ́ náà lọ́rùn nígbà náà. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni èyí tó pa àti èyí tó dá sí.

Ní ọdún 2008, nǹkan bí 267,000 Pontiac ni GM tà ní Amẹ́ríkà. Buick, tóun náà jẹ́ mọ́tò àárín, tí kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù, tí kì í sì í ṣe ti olówó ńlá, kò tà ju nǹkan bí 137,000 lọ. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó ta Buick kan, wọ́n á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ta Pontiac méjì. Síbẹ̀, Pontiac ni wọ́n sin, Buick sì wà láàyè di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn oníléeṣẹ́ ńlá nìkan. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì oríṣi mẹ́ta, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì, ẹni tó ń ta aṣọ olówó pọ́ọ́kú, ti àárín àti ti olówó gọbọi, gbogbo wọn ló máa dé orítá yìí lọ́jọ́ kan: èyí tí kò rìn yìí, ṣé kí n jù ú sílẹ̀ ni, àbí kí n ṣì máa gbé e pọ̀n? Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ká wo èyí tí kò tà, ká sì yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn mọ́tò àárín ní Amẹ́ríkà fi hàn pé iye tí ọjà ń tà nìkan kọ́ ló yẹ kéèyàn wò.

ÀKÀBÀ TÍ GM KỌ́

Ká tó mọ ohun tó pa mọ́tò àárín, ó yẹ ká mọ ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Alfred Sloan, tó di ààrẹ GM ní ọdún 1923, ló to àwọn mọ́tò iléeṣẹ́ náà bí àkàbà. Lásìkò yẹn, Model T ni Ford ń tà fún gbogbo ayé, olówó àti tálákà. Sloan ní tòun kò ní í rí bẹ́ẹ̀, pé bí àpò kálukú bá ṣe mọ ni òun máa ní mọ́tò fún un. Chevrolet wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́wọ́ mú. Cadillac wà lókè téńté fún àwọn olówó. Pontiac, Oldsmobile àti Buick wá wà láàárín. Bí ọ̀dọ́ bá ra Chevrolet lónìí, tówó rẹ̀ sì ń lé sí i, yóò máa gun àkàbà náà díẹ̀díẹ̀, kò sì ní í kúrò lábẹ́ òrùlé GM títí tí yóò fi darúgbó.

Ètò yìí mú owó wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, nínú mọ́tò méjì tí wọ́n bá tà ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ti GM ni ọ̀kan. Ford pàápàá rí i pé ọgbọ́n ni, ló bá dá mọ́tò Mercury sílẹ̀ ní ọdún 1938, kó lè wà láàárín Ford àti Lincoln, tí í ṣe ti àwọn olówó.

Ṣùgbọ́n àtòkè àtìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ẹni tó bá wà láàárín. Látìsàlẹ̀, Chevrolet àti Ford bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ amúlétutù, àga aláwọ àti oríṣiríṣi fàájì sínú mọ́tò tiwọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń ra mọ́tò pọ́ọ́kú náà ń jẹ ìgbádùn. Láti ìta, àwọn ará Jàpáàn, pàápàá Toyota àti Honda, gbé mọ́tò tí kì í dààmú èèyàn wá, wọ́n sì fi orúkọ kan ṣoṣo ta ti kékeré àti ti ńlá. Nígbà tó yá, ẹni tówó rẹ̀ lé sí i kò rí ìdí tó fi yẹ kó gun àkàbà ẹnikẹ́ni.

ỌBẸ̀ KAN NÁÀ, ÀWO Ọ̀TỌ̀

Ohun tó wá dá kún ìṣòro náà, àwọn oníléeṣẹ́ ọ̀hún ló fọwọ́ ara wọn ṣe é. Kí wọ́n lè dín ìnáwó kù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara mọ́tò kan náà ṣe oríṣi mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á pààrọ̀ iwájú rẹ̀, wọ́n á yí iná ẹ̀yìn padà, wọ́n á sì lẹ orúkọ mìíràn mọ́ ọn. Pontiac G5 kò yàtọ̀ sí Chevrolet Cobalt. Pontiac Torrent, Chevrolet Equinox ni. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ Ford náà nìyẹn: Mercury Milan jẹ́ Ford Fusion, Mercury Mountaineer jẹ́ Ford Explorer, Mercury Grand Marquis sì jẹ́ Ford Crown Victoria.

Oníbàárà kì í ṣe òmùgọ̀. Bó bá rí i pé ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n bù sínú àwo méjì, èyí tó dín lówó ló máa rà, tàbí kó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2009, Mercury kò tà ju nǹkan bí 92,000 lọ lọ́dún. Kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta Mercury nìkan, inú ṣọ́ọ̀bù Lincoln tàbí ti Ford ni wọ́n ti ń tà á. Ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà, ọdún 2010, Ford kéde pé ó ti tó. Oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2011, ni Mercury ìkẹyìn jáde ní iléeṣẹ́ wọn ní Kánádà.

Kì í ṣe pé ebi ń pa Ford lọ́jọ́ tó ṣe ìkéde yẹn. Ọdún 2006 ni gbèsè ti fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, tó fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ dúró, títí kan orúkọ Ford fúnra rẹ̀, kó lè yá owó tó ju bílíọ̀nù 23 dọ́là lọ. Alan Mulally tó ń darí iléeṣẹ́ náà nígbà yẹn ta Aston Martin, ó ta Jaguar àti Land Rover fún Tata ti Íńdíà, ó sì ta Volvo fún Geely ti Ṣáínà, kó lè ráyè gbájú mọ́ orúkọ Ford. Ní 2009, Ford ti ń jèrè padà, kò sì gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún GM àti Chrysler. Ìgbà tí ara rẹ̀ ti ń mókun ló wá pa Mercury. Ẹni tó bá gé ẹ̀ka igi rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lágbára ló máa ń gé e dáadáa.

OLDSMOBILE: OWÓ ŃLÁ NI WỌ́N FI SÌNKÚ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò rò pé bí àwọn bá ti ọjà kan pa, ìnáwó orí rẹ̀ tán nìyẹn. Ẹ wo ti Oldsmobile. Ransom Olds ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Lansing, ìpínlẹ̀ Michigan, ní ọdún 1897, ó sì bọ́ sọ́wọ́ GM ní 1908. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó ń tà ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Nígbà tó di ọdún 2000, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 289,000.

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ kò sì yà sí i. Ní ọdún 1988, GM ṣe ìpolówó kan tó ń sọ fáwọn ọ̀dọ́ pé Oldsmobile tuntun kì í ṣe èyí tí bàbá wọn ń wà. Ìpolówó náà lókìkí, ṣùgbọ́n kò ta mọ́tò. Bí ẹni ń lé àwọn bàbá tó ń náwó lọ ni, àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè kò sì wá.

Ní oṣù kejìlá, ọdún 2000, GM kéde pé Oldsmobile máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ó tó oṣù kẹrin, ọdún 2004, kí èyí tó gbẹ̀yìn tó jáde ní Lansing. Kí ló fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn díílà ni, ìyẹn àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ń bá iléeṣẹ́ ta mọ́tò. Wọ́n tó nǹkan bí 2,800. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́lé, wọ́n ti gba òṣìṣẹ́, wọ́n ti kó mọ́tò àti ẹ̀yà ara mọ́tò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń dáàbò bò wọ́n pé iléeṣẹ́ kò lè ṣàdédé já wọn sílẹ̀. GM ní láti san owó gbà-máà-bínú fún wọn. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye tí pípa Oldsmobile ná GM lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Àwọn tó ń ra Oldsmobile ńkọ́? Ìrètí GM ni pé wọ́n á yà sí Buick tàbí Chevrolet. Ọ̀pọ̀ wọn kò yà síbẹ̀. Ìpín GM nínú mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2000, ti di nǹkan bí 22 ní 2008. A kò ní sọ pé Oldsmobile nìkan ló fa gbogbo èyí, nítorí epo wọ́n, ọrọ̀ ajé sì dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé oníbàárà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ kì í fi dandan gba ilẹ̀kùn kejì wọlé sílé kan náà.

KÍ LÓ WÁ GBA BUICK LÀ?

Ní ìparí ọdún 2008, nígbà tí GM lọ tọrọ owó lọ́wọ́ ìjọba, kò ní in lọ́kàn láti pa Pontiac. Ohun tó kọ sínú ètò tó gbé lọ ni pé òun máa dín in kù sí mọ́tò díẹ̀ fáwọn tó fẹ́ràn eré sísá. Nígbà tó di òpin oṣù kẹta, ọdún 2009, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Barack Obama gbé kalẹ̀ ní ètò náà kò tó, pé kí wọ́n lọ gé e jinlẹ̀ sí i. Rick Wagoner tó jẹ́ ọ̀gá àgbà kúrò lórí àga, Fritz Henderson bọ́ síbẹ̀, kò sì pé oṣù kan tí orúkọ Pontiac fi wọ ìwé ikú. Orúkọ mẹ́rin péré ni GM mú dání ní Amẹ́ríkà: Chevrolet, Cadillac, GMC àti Buick.

Ìdí tí Buick fi wà nínú mẹ́rin yìí kò sí ní Amẹ́ríkà rárá. Ṣáínà ló wà. Káwọn Kọ́múníìsì tó gbàjọba níbẹ̀ ní 1949 ni àwọn èèyàn ńlá ibẹ̀ ti ń gun Buick, Puyi tó jẹ́ ọba ìkẹyìn ní Ṣáínà pàápàá ní tirẹ̀. Nígbà tí GM àti iléeṣẹ́ SAIC dòwò pọ̀ ní Shanghai ní ọdún 1997, Buick ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó ti di ti àwọn bàbá arúgbó ní Amẹ́ríkà wá di ti ọ̀gá ọ̀dọ́ tówó ń bọ́ sí lọ́wọ́ ní Shanghai àti Beijing. Ní ọdún 2009 tí Amẹ́ríkà ra nǹkan bí 102,000 Buick, Ṣáínà ra ju 400,000 lọ. Nígbà tó di 2016, iye tí Ṣáínà rà ti ju mílíọ̀nù kan lọ.

Pontiac kò ní irú ibẹ̀ yẹn. Àwọn tó ń rà á pọ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló jẹ́ pé bí kì í bá ṣe Pontiac, wọn kò ní í ra mọ́tò GM? Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi mọ́tò rẹ́ńtì ni wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ fún, irú títà bẹ́ẹ̀ kì í sì í lérè lórí. Chevrolet lè bọ́ sípò èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ díílà tó ń ta Pontiac ti ń ta Buick àti GMC pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù wọn kò ní dá páropáro.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà. Buick ní oníbàárà tirẹ̀ tí ọjà mìíràn nínú ilé náà kò lè tẹ́ lọ́rùn. Pontiac ní èrò púpọ̀, kò ní oníbàárà tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí Buick náà má yọ̀ jù. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà fúnra wọn, irú BYD, ti ń gba ọjà mọ́ àwọn mọ́tò òkèèrè lọ́wọ́ níbẹ̀, iye tí Buick ń tà sì ti já wálẹ̀ gan-an. Ohun tó gbani là lánàá lè má gbani là lọ́la. Ẹni tó bá pinnu láti mú ọjà kan dání gbọ́dọ̀ máa tún ìdí tó fi mú un dání yẹ̀ wò.

ṢÉ A KÒ LÈ TÀ Á FÚN ẸLÒMÍRÀN NI?

Àwọn kan máa ní dípò kéèyàn pa á, kó ta orúkọ náà. GM gbìyànjú rẹ̀. Saturn, tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn nítorí pé kò sí ná-án-ná nídìí rẹ̀, iye tí wọ́n bá pè é náà nì yẹn, fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Roger Penske ní ọdún 2009. Penske ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní owó, àmọ́ kò ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò. GM máa bá a ṣe é fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wá ẹlòmíràn. Ẹni tó gbójú lé kò gbà, òwò náà sì fọ́ ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án. Saturn kú. Saab ti Sweden rí ẹni rà á ní 2010, iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Spyker, ṣùgbọ́n kí ọdún 2011 tó parí, Saab ti wọ gbèsè.

Volvo ní tirẹ̀ gbèrú lọ́wọ́ Geely. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Volvo lọ pẹ̀lú iléeṣẹ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ àti mọ́tò tó jẹ́ tirẹ̀, ẹni tó rà á sì lówó lọ́wọ́. Orúkọ lásán tí kò ní ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú kì í ṣe ohun tó ṣeé tà lówó gidi.

ÀWỌN TÍ ÌYÀ RẸ̀ JẸ

Nígbà tí àwọn ọ̀gá bá jókòó sórí tábìlì tí wọ́n ń fa ìlà sórí orúkọ, àwọn mìíràn ló máa ń ru ẹrù rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 2009, GM kọ̀wé sí nǹkan bí 1,100 díílà pé òun kò ní tún àdéhùn wọn ṣe mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ilé òwò tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ariwo wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní òpin ọdún náà pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì rí ṣọ́ọ̀bù wọn gbà padà.

Ipa rẹ̀ kan àwọn òṣìṣẹ́ náà, èyí sì ní ohun tó pa á pọ̀ mọ́ àwa níbí. Pontiac Vibe, tó wọ́pọ̀ láàárín tòkunbọ̀ tó ń gba Kùtọnu àti Apapa wọlé, kì í ṣe mọ́tò GM nínú ikùn. Iléeṣẹ́ NUMMI ní ìlú Fremont, ìpínlẹ̀ California, tí GM àti Toyota jọ dá sílẹ̀ ní 1984, ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ́ńjìnnì Toyota ló wà nínú rẹ̀, ìbejì Toyota Matrix ni. Nígbà tí Pontiac kú, GM kò ní ohun tó ń ṣe ní NUMMI mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Toyota náà ní òun nìkan kò lè dá ẹrù náà gbé. Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹrin, ọdún 2010, ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa, nǹkan bí 4,700 òṣìṣẹ́ sì padà sílé. Lẹ́yìn náà ni Tesla ra ibẹ̀.

Ẹni tó ní Vibe nílùú Èkó tàbí Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára pé mọ́tò òun ti di ọmọ aláìníyàá. Bó bá dé Ládípọ̀, ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì Matrix ló máa bèèrè, mẹkáníìkì tó bá mọ Corolla á sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra Pontiac mìíràn tí kò ní ìbejì ní Toyota máa mọ̀ pé wíwá ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìkìlọ̀ nìyí fún oníṣòwò tó fẹ́ ti ọjà kan pa: àwọn tó ti rà á sílẹ̀ ń wo bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa mọ̀ bóyá kí wọ́n tún náwó lọ́dọ̀ yín.

ÌṢIRÒ TÓ Ń TAN ONÍṢÒWÒ JẸ

Ó ku ibi kan tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré máa ń ṣubú sí, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọjà tó ń pàdánù. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ẹnì kan ń ṣe búrẹ́dì ńlá, ti àárín àti kékeré. Lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ìyẹ̀fun, ṣúgà àti bọ́tà, búrẹ́dì ńlá ń fún un ní N120,000 lóṣù, ti àárín N30,000, kékeré N70,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N220,000. Owó ilé, owó òṣìṣẹ́ àti owó epo jẹ́ N150,000. Èrè rẹ̀ lóṣù jẹ́ N70,000.

Ọjọ́ kan ló pinnu láti pín N150,000 yẹn sọ́nà mẹ́ta, ọjà kọ̀ọ̀kan ru N50,000. Ó rí i pé ti àárín mú N30,000 wá, ó sì ru N50,000, ó wá ní, "Háà, N20,000 ni eléyìí ń mú mi pàdánù lóṣooṣù!" Ló bá yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí oṣù parí, N190,000 ló wọlé, owó ilé, òṣìṣẹ́ àti epo ṣì jẹ́ N150,000, èrè rẹ̀ wá di N40,000. Dípò kó jèrè N20,000 kún un, N30,000 ló sọ nù. Ìdí ni pé onílé kò dín owó ilé kù nítorí pé kò ṣe búrẹ́dì àárín mọ́.

Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ààyè tí búrẹ́dì àárín ń gbà nínú ààrò ni kò jẹ́ kó lè ṣe búrẹ́dì ńlá tó, tó wá lo ààyè náà, tí búrẹ́dì ńlá sì mú N35,000 sí i wá, èrè rẹ̀ á di N75,000. Ó ti fi N5,000 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ṣe dáadáa bó ṣe yọ ọ́. Tàbí kó jẹ́ pé àwọn tó ń ra ti àárín yà sí ńlá tàbí kékeré, wọn kò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí Ford rí nínú ọ̀rọ̀ Mercury nìyẹn: owó àti ọgbọ́n tó ń bá Mercury lọ, ó kó o lọ sídìí Ford àti Lincoln. Toyota náà ṣe irú rẹ̀ ní 2016 nígbà tó pa Scion, tó ti dá sílẹ̀ ní 2003 fáwọn ọ̀dọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù Toyota ni wọ́n ti ń tà á tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn yí orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò náà sí Toyota ni, kò sí díílà tó ní láti kó ẹrù jáde.

CHRYSLER NÁÀ TI DÉ ORÍTÁ

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Stellantis, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021, kó orúkọ mọ́tò mẹ́rìnlá pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Carlos Tavares tó kọ́kọ́ darí rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọdún mẹ́wàá láti fi hàn pé òun wúlò. Nígbà tó di oṣù keje, ọdún 2024, tí èrè ti ń já wálẹ̀, ó ní èyí tí kò bá mówó wọlé, àwọn máa tì í pa. Kí ọdún náà tó parí, òun gan-an ló kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀.

Chrysler ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn wà lára rẹ̀. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ Chrysler 300 dúró ní òpin ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń kó ìdílé nìkan ló kù tó ń tà. Jeep àti Ram ló ń pawó fún ilé náà ní Amẹ́ríkà. Lójú tiwa, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mú un dání nítorí pé ó ti pẹ́, nítorí Oldsmobile pẹ́ jù ú lọ nígbà tó kú. Bí ìdílé tó ń ra bọ́ọ̀sì yẹn bá máa gba ọ̀dọ̀ Toyota tàbí Honda lọ lọ́jọ́ tí Chrysler bá kú, ó ní oníbàárà tirẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n bọ́ ọ dáadáa. Bí wọn kò bá sì fẹ́ bọ́ ọ, kí wọ́n tètè sọ, káwọn díílà mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Kéèyàn má bọ́ ọjà, kó má sì pa á, òun ló ń jẹ owó jù.

KÍ NI KÍ Ẹ BI ARA YÍN?

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ọjà yín kan kò rìn, kẹ́ ẹ tó mú ọ̀bẹ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún yìí, kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé:

Ìkíní, bí mo bá yọ ọjà yìí, ta ni kò ní í wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́? Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ bi àwọn tó ń rà á fún ọ̀sẹ̀ méjì pé, "Bí eléyìí bá tán, kí lẹ máa rà?"

Ìkejì, èwo nínú ìnáwó mi ló máa dúró lóòótọ́ bí mo bá yọ ọ́, èwo ló sì máa ṣẹ́ kù fún àwọn ọjà yòókù láti rù?

Ìkẹta, kí ni mo máa fi ààyè, owó àti àkókò tó bá ṣẹ́ kù ṣe? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ má tíì yọ ọ́.

Ìkẹrin, èló ni yíyọ ọ́ máa ná mi? Àwọn tó ń bá yín tà, òṣìṣẹ́, ọjà tó wà nílẹ̀, gbèsè àwọn tó ń kó o wá fún yín, gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣírò.

Ìkarùn-ún, ṣé ọjà náà ni kò dáa, àbí èmi ni mi ò bọ́ ọ? Ọjà tẹ́ ẹ ti sọ di ẹ̀dà ọjà mìíràn nínú ṣọ́ọ̀bù yín kò ní í tà, bí Ọlọ́run tilẹ̀ dá orúkọ fún un.

Bí ìdáhùn bá fi hàn pé ọjà náà ní èèyàn tirẹ̀ tí kò ní í ra òmíràn lọ́dọ̀ yín, ẹ wá ibi tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, bí GM ṣe rí ti Buick ní Ṣáínà. Bó bá fi hàn pé kò ní ẹnì kankan, ẹ yọ ọ́ nísinsìnyí tẹ́ ẹ ṣì ní owó láti san fún ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ san fún. GM dúró dìgbà tí ìjọba fi bá a mú ọ̀bẹ, nígbà náà ni Pontiac lọ, àwọn tó sì pàdánù nídìí rẹ̀ kò sí lórí tábìlì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu náà.